Ìwé Mẹ́fà Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Kọ

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ rẹ. Ara mi le, àyàfi orúnkún, orúnkún kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ èyí. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi iyọ̀ sí i.

Ó ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì mo ní kó rọra kà á, torí mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. O ní wọ́n ti yí àkókò iṣẹ́ rẹ padà ní òtẹ́ẹ̀lì tí o ti ń lọ aṣọ, pé ìdájí lo fi ń jáde báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò mú Ìbéèrè ọmọ rẹ lọ sílé ìwé. O tún ní o fẹ́ fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, kí ọmọ ọdún mẹ́fà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá mi, kí n tọ́ òun náà bí mo ṣe tọ́ ìwọ. O ní inú rẹ dùn lọ́dọ̀ mi nígbà kékeré, inú tirẹ̀ náà yóò dùn. Kí n wá fi ìwé Ọmọ Etí Odò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́, àwọn tí mo máa ń kà fún ọ, kí o lè kà wọ́n fún un kó tó máa bọ̀, kó lè mọ bí ọmọ ṣe ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ìdáhùn mi nìyí. Ọmọ kò ní í wá. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. Nígbà tí mo gba ìwọ, mo lè gbé garawa omi méjì láti ẹnu ẹ̀rọ dé ẹ̀yìnkùlé láìsinmi. Nísinsìnyí, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí nílẹ̀, màá kọ́kọ́ wò yíká bóyá nǹkan mìíràn wà nítòsí tí mo lè mú pọ̀ mọ́ ọn, torí mi ò mọ ìgbà tí màá tún débẹ̀.

Ní ti ìwé, ikán ti jẹ ẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń dára, ìlà mẹ́ta lo máa ń kọ. Bí o bá fẹ́ nǹkan ni lẹ́tà rẹ máa ń gùn. Mo rí i tí Aránṣọ ṣí àpò lẹ́tà, tó yọ ewé mẹ́rin jáde, mo sì sọ fún un pé, "Ọ̀ràn dé."

Èmi, ìyá ìyá rẹ.

Abẹ́rẹ́, èmi Aránṣọ ni. Màmá rò pé orúkọ wọn ni mo ṣì ń kọ. Ikán kankan kò jẹ ìwé. Abẹ́ mi níbí ló wà, nínú àpótí tí mo jókòó lé. Mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ pé èmi ni mo wí.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ìyá àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú orúnkún, ẹ kú àmúmọ́ra. Ìbéèrè kí yín. Ó ní kí n bi yín pé ṣé ikán máa ń ka ìwé kó tó jẹ ẹ́.

Èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Irú ikán wo ló ń jẹ ìwé tí kò jẹ àpótí? Ẹ má bá Àǹtí Aránṣọ jà. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má fi iyọ̀ sí i.

Ìyá àgbà, mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Yàrá kan la wà, àjà kẹta. Tí ẹni tó wà lókè bá tú omi, a ó gbọ́ ọ nínú ògiri bí ẹni ń wúkọ́. Ìdájí ni mo máa ń gbé Ìbéèrè sọ̀kalẹ̀ tòun toorun lójú, sọ́dọ̀ obìnrin ìsàlẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bẹ̀ pé kó máa mú un lọ sílé ìwé. Olùkọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mẹta nípa irun tí a kò yà àti bàtà tí a wọ̀ lódìlódì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà jáde lọ, kò sọ fún mi. Nígbà tí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé, orí àtẹ̀gùn ni mo bá ọmọ mi, ó ti jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ó ní òun ti ka àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè nígbà ogún. Kò sunkún. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ọdún méjì péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí mo bá kọ́ iṣẹ́ yìí tán, ojúmọ́ ni màá máa lọ, ìrọ̀lẹ́ ni màá máa dé bí èèyàn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Ìyá mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, kò sì padà wá mọ́ títí ó fi kú, síbẹ̀ mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo sunkún. Ohun tí mo rántí ni ẹ̀yin, ẹní lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án, àti Ọmọ Etí Odò pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ àti ajá rẹ̀ tí kò nírù. Ọmọ yẹn kò sunkún rí. Kí ló dé tí ẹ fi ń fi ohun tí ẹ fún mi du ọmọ mi?

Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni Abẹ́rẹ́ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ.

Nígbà tí Aránṣọ ń ka lẹ́tà rẹ tó dé ibi ọ̀rọ̀ ikán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lójijì. Mo ní, "Wúkọ́ tán, kí o padà sí ìlà yẹn." Ó kà á. Ojú tì í débi pé nígbà tó padà sídìí ẹ̀rọ, apá aṣọ oníbàárà ló rán mọ́ ibi ọrùn. Ẹni tí mo fi ṣe ọwọ́ ara mi! Láti òní lọ, màá máa fi àtàǹpàkò tí mo ti bọ yíǹkì tẹ ìsàlẹ̀ lẹ́tà mi. Ibi tí o bá ti rí àtàǹpàkò, ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Tí o bá rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ti ọlọ̀tẹ̀ ni.

Ó dáa. Mo purọ́ ikán. Ìwé náà ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń rìnrìn àjò wá sí ìlú yín, òun ló bá mi gbé wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó dì wọ́n, mo ní kí Aránṣọ kà wọ́n fún mi láti ìwé kìíní dé ìkẹfà. Ọ̀sán mẹ́rin ló fi kà á. Bí o bá bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀, mi ò ní sọ. Kà wọ́n tán fúnra rẹ, ìwọ nìkan, kí o tó ṣí ọ̀kan níwájú ọmọ. Ohun tí mo sọ nìyẹn, mi ò ní tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yẹn kò dùn mọ́ mi rárá. Wá ẹlòmíràn. Kò lè jẹ́ pé nínú gbogbo ilé alájà yẹn, ẹyọ obìnrin kan náà ló ní ojú tó fi ń wo ọmọ.

Ìwọ ní o kò sunkún rí. Ẹni tó sùn kì í mọ̀ pé òun ń hanrun.

Ọmọ kò sì ní í wá. Fífi ìwé ránṣẹ́ kì í ṣe kí n gbà.

Èmi, ìyá ìyá rẹ. Àtàǹpàkò mi nìyí.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Abẹ́rẹ́,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rèé. Nọ́ọ̀sì ti lọ, ó ti bọ̀. Ó ní ọwọ́ rẹ ni òun fi ìwé náà lé, pé o fún òun ní tíì, pé ọmọ rẹ bi òun léèrè ohun mẹ́rìndínlógún kí tíì tó tutù. Nítorí náà, o kò lè sọ pé ìwé kò dé.

Tí inú bá ń bí ọ, bí i sórí bébà. Mo ti sọ fún Aránṣọ pé ohunkóhun tó bá wà nínú lẹ́tà rẹ, kó kà á bó ṣe wà, àní bó bá jẹ́ èébú. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí n máa wo ẹnu ọ̀nà. Mo ti rí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ burúkú ni.

Èmi, ìyá ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún

Ìyá àgbà,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé ìkíni mi kúrú. Bí mo bá fà á gùn, irọ́ ni yóò jẹ́, irọ́ sì ti pọ̀ láàárín wa.

Mo ka ìwé yín. Yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo ti kà á, ọ̀kan lójúmọ́ nígbà ìsinmi, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kìíní mo rò pé ìwé mìíràn lẹ fi ránṣẹ́. Mo mọ àwòrán rẹ̀. Ọmọ náà nìyẹn pẹ̀lú irun rẹ̀ méjì, ajá aláìnírù nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán.

Ẹ rántí ìwé kejì, níbi tí ọmọ náà ti ń fi èédú fa ìlà sára ògiri? Ẹ ní iye ẹyin tí adìẹ wọn yé ni. Mo máa ń bá yín jiyàn. Màá ní, "Lánàá ẹ ní mẹ́sàn-án, lónìí ẹ ní mọ́kànlá." Ẹ ó ní, "Ṣé kí adìẹ má yé mọ́ nítorí tìẹ ni?" Ìwé sọ pé iye ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ni. Ìwé kẹta, níbi tó ti fọwọ́ bojú létí odò: ẹ ní àlùbọ́sà ló ń gé. Níbo ni àlùbọ́sà wà nínú àwòrán yẹn, Ìyá àgbà? Ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ! Láti ìwé kìíní dé ìkẹfà, ẹkún ni ọmọ yẹn ń sun.

Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé kà. Èmi ni mo máa ń ka ìwé tí ilé ìwé bá fi ránṣẹ́ fún yín. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ka Ọmọ Etí Odò fún mi. Ohun méjèèjì ti wà lórí mi fún ọgbọ̀n ọdún, wọn ò pàdé ara wọn rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ibùsùn, ó jó méjì kí ọ̀gá tó pariwo lé mi lórí.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ìwé kẹfà, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Àlejò kan wá, obìnrin tó dé àkẹtẹ̀, tó gbé báàgì lọ́wọ́. Ọmọ náà fi ife búlúù bu omi fún un. Omi dà sí àlejò ní bàtà. Ó mu ún, ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa," ó bá tirẹ̀ lọ. Mo wá ife yẹn títí. Kò sí ife. Kò sí omi. Obìnrin yẹn ni ìyá ọmọ náà, ó padà wá mú un. Ọmọ kò dá a mọ̀, ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, ìyá àgbà náà sì tì í síwájú, ó ní, "Lọ. Ìyá rẹ nìyẹn." Níbo lẹ ti rí ife, Ìyá àgbà? Ẹyin àti àlùbọ́sà, mo mọ ìdí rẹ̀. Ta ni àlejò yẹn?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Irọ́ yín tọ́ mi dàgbà, kò sì pa mí. Kò yí ohun tí mo fẹ́ ṣe padà. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì fún Ìbéèrè. Ogúnjọ́ oṣù keje ló ń wọ ọkọ̀, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú ni yóò mú un dání. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín lọ pàdé rẹ̀.

Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Ìbéèrè. Jókòó kí o tó ka èyí. Má kà á nídìí áyọ́ọ̀nù.

Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbálẹ̀ ilé ìwé, mi ò sì mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Òjò wọ yàrá ìwé wọn, ọ̀gá ní kí n kó àwọn tó tutù dànù. Mo sá mẹ́fà sórí odi, mo kó wọn wálé nítorí àwòrán. Ìwọ lo ní kí n kà á. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Ìyá rẹ ti lọ fún ọdún kan, ojoojúmọ́ lo sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ kan lọ́wọ́, èyí tó gbàgbé sílẹ̀. O kò pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ bí ẹ̀rọ tí a kò tì dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn o gbé ìwé wá, o ní, "Ẹ kà á." Ṣé kí n sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé mi ò mọ̀wé? Mo ṣí i, mo wo àwòrán, mo sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu. Nígbà tí mo débi ẹyin, o rẹ́rìn-ín. O sọ bàtà yẹn sílẹ̀ láti mú ìwé. Mo gbé bàtà náà pa mọ́ kí o má rí i mọ́.

Nísinsìnyí tí Aránṣọ ti ka ojúlówó rẹ̀ fún mi, inú mi kò dùn sí ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ìyá àgbà fọ aṣọ funfun tán, ó sá a sórí koríko tútù. Kò fọ aṣọ rí! Ó fi ọmọ sunkún láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Ta ni yóò ka ẹkún fún ọmọ tí ẹkún ti pa tẹ́lẹ̀? Tí mo bá mọ̀wé kà nígbà náà, màá ṣì sọ pé ẹyin ni. Lórí ìyẹn, mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ife.

Aránṣọ ti gbé bírò sílẹ̀, mo ti ní kó gbé e padà. Kò tíì kó wá sí àdúgbò yìí nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí mi.

O kò rí ife nínú ìwé torí kò sí níbẹ̀. Inú ilé wa ló wà. Ìyá rẹ padà wá, Abẹ́rẹ́. O ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bí Ìbéèrè ṣe wà yìí. Mo ń fún aṣọ lẹ́yìnkùlé, ìwọ ń bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Mo gbọ́ ìró bàtà gíga. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó dé àkẹtẹ̀, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Ó ti ra kaba fún ọ, kò sì lè bá ọ mu torí ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. O wo ojú mi, o ní, "Màmá, ta nìyí?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu mi. Mo ní, "Àlejò ni. Lọ bu omi fún un."

O bu omi wá. O kúnlẹ̀ fún un bí mo ṣe kọ́ ọ, o ní, "Ẹ gbà, mà." Ìyá rẹ wò mí. Mo ń fún aṣọ mi lọ. Ó mu omi náà. Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìgbà tó bá sún mọ́ ọ lo ń sá wá sẹ́yìn mi, èmi náà sì ń jẹ́ kí o dúró síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ó ní, "Ẹ bá mi máa tọ́jú rẹ̀ sí i, kò mọ̀ mí," ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìròyìn ikú rẹ̀ dé. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ìwọ lo kọ òun. Èmi ni mo kọ ọ́.

Lẹ́yìn tó lọ, ojoojúmọ́ lo ń bi mí pé ta ni àlejò alákẹtẹ̀ yẹn, ìgbà wo ló tún ń bọ̀. Mo mú ìwé kẹfà, mo rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, mo kà á fún ọ pé ẹni tó ṣìnà ni, ó mu omi, ó lọ. Mo kà á títí o fi gbà pé inú ìwé lo ti rí i. Ìgbà tí Aránṣọ kà á débi tí ìyá àgbà inú ìwé ti ti ọmọ náà síwájú, mo ní kó pa ìwé dé. Mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀.

Má bi mí léèrè ìdí. Mo mọ̀ ọ́n, kò dára. Ilé yìí ti dá páropáro kí o tó dé, o dé, kò dá mọ́. Ìdí náà nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ṣé o ti wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún? Mo mọ ohun tí mo máa ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ìbéèrè á wá, á sunkún fún oṣù mẹ́ta, màá wá nǹkan sọ fún un, á dákẹ́. Ọmọ tó bá ti dákẹ́ lọ́dọ̀ mi ti di tèmi. Tí ọdún méjì rẹ bá pé, tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, tí Ìbéèrè bi mí pé ta nìyí, mi ò lè búra fún ọ pé màá tì í síwájú.

Mi ò bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀ ti kú.

Èmi, ìyá ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Ìyá àgbà,

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Mẹ́rin nínú wọn kò ṣe é fi ránṣẹ́ sí àgbà.

Gbogbo ayé mi ni mo fi ń sọ fún èèyàn pé ìyá mi kò padà wá. Mo sọ ọ́ fún ọkọ tí mo fẹ́, mo sọ ọ́ fún un nígbà tó ń lọ. Mo ti sọ ọ́ fún Ìbéèrè. Tí inú bá bí mi sí i, màá ní, "Ó ṣáà gbàgbé mi ni." Ó padà wá. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá mi, mo pè é ní mà, mo bu omi fún un bí ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹ sì wà níbẹ̀, ẹ ń fún aṣọ.

Mo ka ìwé kẹfà fún Ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Nígbà tí a dé ibi tí ọmọ náà ti sá sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni ìyá ẹ̀ lò níta kí ọmọ náà tó gbàgbé ojú ẹ̀?" Mo ní ìwé kò sọ. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ọdún méjì ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Mo ti sọ fún ọ̀gá pé mi ò lè máa wá nídìí áyọ́ọ̀nù ní ìdájí mọ́. Ìdí aṣọ ìdọ̀tí ló gbé mi sí, níbi tí a ti ń ṣa aṣọ ibùsùn tí àwọn àlejò ti lò, fún ààbọ̀ ọjọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ti di ọdún tó ń bọ̀, tàbí èyí tó tẹ̀lé e, tàbí kó má sí mọ́. Ẹ má rò pé mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Inú ń bí mi sí ìyá mi fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì jẹ̀bi. Inú ń bí mi sí yín nísinsìnyí, ẹ sì wà lára ohun gbogbo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo bá ń ya irun ọmọ mi, ọwọ́ yín ni mo fi ń yà á.

Mi ò mọ ìgbà tí màá tún kọ̀wé. Ẹ má wo ẹnu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Aránṣọ kà á tán, ó jókòó tì mí.

Bínú bó ṣe wù ọ́. Tí o bá bínú fún ọdún mẹ́wàá, mi ò ní sí níbẹ̀ tí yóò fi parí, ìyẹn náà dára. Má ṣe kọ̀wé tí kò bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún Ìbéèrè pé ìyá ìyá rẹ̀ padà wá. Má jẹ́ kí irọ́ mi kọjá lọ́dọ̀ rẹ.

O ṣe ohun tó yẹ kí o ṣe. Mi ò ní yìn ọ́, kì í ṣe ohun tí a ń yin ìyá fún.

Aránṣọ ní kí n parí ẹ̀ báyìí, kí n sọ pé ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, pé agbára mi kò gbé ọmọ mọ́. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ogúnjọ́ oṣù keje lẹ́nu rẹ ni mo ti gbá yàrá ẹ̀yìn. Mo ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ ibùsùn kúrú, kí ọmọ lè fúnra rẹ̀ gùn ún. Mo ní kí Aránṣọ wọn ọmọ oníbàárà rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì rán kaba méjì. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kọ lẹ́tà sí ọ pé kí ọmọ má wá ni mo ṣe ti ibùsùn àti ti kaba. Ìwọ ń ka lẹ́tà yẹn lọ́hùn-ún, èmi ń ta aṣọ sójú fèrèsé níbí. Mo ti fi kaba méjèèjì ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí, kí wọ́n má baà wà nílé.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Nǹkan yóò tún le fún ọ lọ́hùn-ún. Obìnrin mìíràn yóò tún já ọ kulẹ̀, ọ̀gá yóò tún yí àkókò iṣẹ́ rẹ padà, ọmọ yóò tún jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bó ti wù kó le tó, má tún bi mí. Agbára tí mo fi sọ pé rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní in. Tí o bá tún bèèrè, màá ní kó máa bọ̀.